Áńgẹ́lì Tó Ní Ojú Àbẹ̀kẹ́

Ọjọ́ tí omi odò wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ajégúnlẹ̀ ni n kò lè gbàgbé láéláé. Èmi ni mo ya àwọn áńgẹ́lì sára ògiri ibẹ̀. Ojú Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi tó kú, ni mo fún èyí tó ń fun fèrè, nítorí ẹbí ti sun gbogbo fọ́tò rẹ̀. Wọ́n ní òbí kì í wo àwòrán ọmọ tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Wòlíì ti sọ pé, "Bàbá, ẹ yà á sísàlẹ̀, káwọn ọmọdé lè rí i." Mo gbà.

Lọ́jọ́ náà, omi bo fèrè, ó dé àgbọ̀n áńgẹ́lì náà. Mo fọwọ́ bo ojú ọmọ mi, ọ̀dà ń bó mọ́ mi lọ́wọ́.

Wòlíì kígbe láti ẹnu ọ̀nà pé, "Bàbá, ẹ jáde! Ẹ ó tún un yà!"

"Ta ni n ó wò yà?"

Títí dòní, bí wọ́n bá fun fèrè, ògiri yẹn ni mò ń wò. Ẹrẹ̀ nìkan ni mò ń rí.