Ibi Tí À Ń Tẹ Orúkọ Olóògbé Sí

Ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Jamestown létí òkun, pósítà òkú ni à ń tẹ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, èmi ni mo ń jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo kọ́ kóòdù, èdè tí à ń fi pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, díẹ̀díẹ̀ lórí fóònù, mo sì fi ọwọ́ ara mi ṣe ètò kan fún iṣẹ́ wa: ojú ewé kan tó ní àpótí tóóró fún orúkọ olóògbé, òmíràn fún ọjọ́ orí, òmíràn fún ọjọ́ ìsìnkú. Mo fi ààlà sí iye lẹ́tà tí àpótí orúkọ lè gbà, kí orúkọ má baà yọ kúrò lára bébà.

Lásìkò yẹn, dókítà ti sọ pé kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, kí wọ́n yọ kókó kan nínú ikùn rẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní odindi lòun máa lọ sọ́run. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ títí, ó sú u. Obìnrin náà ti ń pín aṣọ rẹ̀ fún ènìyàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí ojú ewé náà, mo bojú wẹ̀yìn díẹ̀; nígbà tí mo yíjú padà, mo rí orúkọ kan nínú àpótí olóògbé. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Nígbà tí mo délé wọn, mo fi ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ tí mo fi ń kẹ́ ẹ. Èmi nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Orúkọ yẹn ló wà níbẹ̀, tí igi tíńrín tó ń tọ́ka ibi ìkọ̀wé ń ṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀.

Mo pa á rẹ́. Mo lọ ra kẹ́ńkẹ́, oúnjẹ àgbàdo. Nígbà tí mo dé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló jókòó sórí àga mi, ó ń fi ìka kan tẹ orúkọ náà.

“Ìyàwó, orúkọ tí bàbá mi sọ mí gùn jù, àpótí rẹ gé e nírù. Tìrẹ yìí ló gbà.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́.”

“Kí ló dé? Ṣé kí wọ́n wá lẹ pósítà tí ò wuyì mọ́ ògiri fún mi? O ò rí fọ́tò ìyá tí a tẹ̀ níjẹta, bí ẹni tó gé ata jẹ?” Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó jáde lọ bá àwọn tó ń yan ẹja sọ̀rọ̀, mo ṣí kóòdù náà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí orúkọ yẹn bá wọ inú àpótí, kí àpótí dà á nù lójú ẹsẹ̀. Mo fi í pa mọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Bí mo ṣe ń dìde ló wọlé, ó sì tún jókòó.

Ó tẹ̀ ẹ́. Bí lẹ́tà ìkẹyìn ṣe wọlé, orúkọ náà pòórá, àpótí náà funfun. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́. Ó tún funfun.

Ó yọ ọwọ́ bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná.

“Ìyàwó.”

“Ẹ̀ẹ̀n.”

“Ṣé o rí i? Wọn ò gbà mí lọ́hùn-ún.”

Ó pe ọkọ mi lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ tó máa ń dé etí òkun kéré bíi ti ọmọdé: “Sọ fún dókítà pé mò ń bọ̀.” Ó wọ inú ilé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lọ di ẹrù.

Mo jókòó kí n pa ètò náà kí n sì tún un ṣí. Ìgbà náà ni mo wò ó dáadáa. Ojú ewé tó wà níwájú mi, èyí tí mo ṣí láàárọ̀ ni. Mi ò tíì pa á. Ohun tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sínú kóòdù kì í dé inú èyí tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ, àfi tí a bá pa á tí a tún un ṣí; kì í ṣe kóòdù mi ló dà á nù.

Mo fi ìka tẹ orúkọ náà. Ó wọlé, ó jókòó, kò lọ síbì kan.

Mo fa wáyà kọ̀ǹpútà yọ lára ògiri, mo sáré wọlé lọ bá a di báàgì.