Finíà Ara Àpótí Sípíkà

Mo ń lẹ finíà mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí sípíkà kejì nígbà tí ìròyìn náà dé. Ọkọ mi ló kan àpótí méjèèjì fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ọ̀yẹ́ kí inú rírun tó gbé e dé ọsibítù ní Ìdó. Finíà ló kù, igi fẹ́lẹ́ bí ìwé tí a máa ń lẹ̀ mọ́ pákó kó lè dán.

"Bá mi lẹ̀ ẹ́ kí n tó dé," ló wí lórí ibùsùn. "Ìwọ náà mọ̀ ọ́n ṣe."

Mo mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́. Wàá kun gọ́ọ̀mù sára pákó, wàá kùn ún sẹ́yìn finíà, wàá dúró títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ mọ́. Wàá wá tẹ́ ìwé ìròyìn sáàárín wọn, wàá sì máa fà á yọ díẹ̀díẹ̀, torí ibi tí àwọn méjèèjì bá ti fara kanra, ó parí, kò ṣeé ṣí mọ́.

Mo ti ń fa ìwé náà nígbà tí àbúrò ọkọ mi wọlé láti Ìdó. Kò kí mi. "Ìyàwó wa, fi uṣẹ́ yìí sílẹ̀ ná." Mo ní kó jẹ́ n fà á tán. Ó bú sẹ́kún. Mi ò mọ bí mo ṣe fa ìwé náà yọ lẹ́ẹ̀kan, finíà sì lẹ̀ ní wíwọ́.

Ilé aládùúgbò ni wọ́n gbé ọmọ mi lọ lọ́jọ́ ìsìnkú ọkọ mi. Ó kéré gan-an. Ìyá ọkọ mi sọ fún un pé Dádì lọ ra sípíkà l'Ékòó. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ òótọ́.

"Ìyá kì í rí sàréè ọmọ," ni wọ́n dá mi lóhùn. "Èmi náà ò rí i. Jẹ́ kí èmi àti ọmọ yìí jọ pè é ní ìrìn-àjò."

Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀kadà tó bá rọra kọjá níwájú ilé ni ọmọ mi ń sáré jáde wò. Á padà wá jókòó.

Mo lẹ ìyókù. Ti ibi tó wọ́, mo fi sanpépà ha á títí, ó ṣì hàn. Àwọn ọkùnrin méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì gbé ọkọ̀ wá, wọ́n gbé àpótí kan jáde. Bí wọ́n ṣe fọwọ́ kan èkejì, ọmọ mi dì mọ́ ọn.

"Ẹ má gbé e. Dádì ò tíì rí i."

Ọ̀kan nínú wọn ti gbọ́ ìtàn tí a pa fún ọmọ mi, ó ní, "Wọ́n á wá wò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì bí wọ́n bá ti Èkó dé."

Ìyá ọkọ mi kọjú sí ògiri. Ọmọ mi wò mí. "Ṣé lóòótọ́ ni, Màámi?"

Mo ní, "Ẹ forí jì mí, Ìyá." Mo kúnlẹ̀, mo fa ọmọ mi mọ́ra.

"Rárá, ọmọ mi. Dádì ò lọ Èkó. Dádì ti kú. Inú tó ń run wọ́n ló pa wọ́n ní Ìdó, a sì ti sin wọ́n. Wọn ò ní gun ọ̀kadà wálé mọ́. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ wá. Bí o bá fẹ́ sunkún, sun ún, èmi náà á bá ọ sun ún. Lọ́la, màá mú ọ lọ síbi tí wọ́n wà."