Àpótí Lẹ́tà Yísà Àlàní

Nígbà tí ọdún 1996 fi máa wọlé, ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti sin Yísà Àlàní sí ilé bàbá rẹ̀ ní Kuta. Ibì kan ṣoṣo ló kù láyé tí Yísà kò tíì kú: ṣọ́ọ̀bù Tẹjúmọ́lá nílùú Ìwó. Ẹ má rò pé Tẹjúmọ́lá ò gbọ́ o. Ó wà níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó jẹun, ó tún di ẹran relé. Ìwé ni mò ń sọ. Nínú ìwé Tẹjúmọ́lá, Yísà ṣì wà láàyè, ó sì ń buwọ́ lu fọ́ọ̀mù lọ́dọọdún.

Ẹni tí kò bá mọ Tẹjúmọ́lá, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Iṣẹ́ póòsófíìsì ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó délé, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tàìpù, tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ó wá kan ọgọ́ta àpótí onígi mọ́ ara ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí lẹ́tà òun máa gba ibẹ̀ wọlé yóò háyà ọ̀kan, yóò sì máa sanwó rẹ̀ ní Jánúárì. Ọkùnrin náà fẹ́ràn fọ́ọ̀mù ju oúnjẹ lọ. Ká ní ó lágbára ẹ̀ ni, ẹni tó bá fẹ́ kí i ì bá kọ́kọ́ buwọ́ lùwé.

Tíṣà jọ́gíráfì ni Yísà, nọ́ńbà kẹsàn-án sì ni tirẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ rédíò òkè òkun ló máa ń kọ̀wé sí, àwọn náà a máa fi kàlẹ́ńdà àti ìwé pẹlẹbẹ ránṣẹ́ sí i. Ó kú tán, wọn ò dáwọ́ dúró. Ta ni yóò sọ fún òyìnbó?

Rokibat ìyàwó rẹ̀, tó ń tàìpù ní ọ́fíìsì lọ́kàlì gọ́fúmẹ́ǹtì, ló ń lọ kó àwọn lẹ́tà náà ní gbogbo Sátidé. Kì í tú wọn. Páálí mílíìkì kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ ló ń kó wọn sí. Tí Jánúárì bá dé, yóò sanwó, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù lórúkọ ọkọ rẹ̀, Tẹjúmọ́lá á sì máa wo òrùlé títí yóò fi kọ ọ́ tán.

Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ lọ sí Òṣogbo, ó ní, "Mò ń bọ̀," Rokibat sì ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ tètè dé o." Jàǹbá mọ́tò ni kò jẹ́ kó dé. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òkú wọlé, omi ò bọ́ lójú rẹ̀. Ó ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá pé, omi ò bọ́. Àwọn àna rẹ̀ ní ojú rẹ̀ le. Irọ́ gbuu! Inú rẹ̀ ló kú tipiri bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́. Ó ń jẹun, kò mọ̀ bí iyọ̀ pé. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọkọ rẹ̀, yóò ní, "Wọn ò sí nílé." Kò fẹnu ara rẹ̀ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ rí.

Jánúárì ọdún tí mo ń wí yìí, Rokibat dé ṣọ́ọ̀bù Tẹjúmọ́lá, ó rí ìwé lára ògiri. Ẹni tó ti ní àpótí tẹ́lẹ̀ yóò san ìlọ́po mẹ́rin iye tó ń san. Ẹni tuntun yóò san ìdajì iye àtijọ́.

"Háà! Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó," ni Rokibat wí. "Ẹni tó ti ń bá yín bọ̀ láti ọjọ́ yìí lẹ fẹ́ dá lóró, àlejò lẹ wá ń gẹ̀?"

"Ìyàwó wa, òwò ni," ni Tẹjúmọ́lá fèsì, ojú ò tilẹ̀ tì í. "Àlejò lèèyàn ń fà mọ́ra. Ẹni tó ti wà ńlẹ̀, ibo ló fẹ́ gbà? Gbogbo ayé ti mọ nọ́ńbà ẹ̀."

Owó ọwọ́ Rokibat, owó fọ́ọ̀mù yunifásítì Kaothar ọmọ rẹ̀ ni. Fọ́ọ̀mù náà gbọ́dọ̀ kúrò nílé lọ́jọ́ Jímọ̀, àdírẹ́sì sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Bó bá san ìlọ́po mẹ́rin yẹn, ọmọ ò ní rí owó fọ́ọ̀mù san.

Tẹjúmọ́lá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀nà wà o. Kòfowórọlá tó ń ta gẹdú, ó ti fi tiẹ̀ sílẹ̀, ó gba òmíràn lórúkọ ìyàwó ẹ̀, ó di ẹni tuntun. Jẹ́ kí Àlàní fi kẹsàn-án sílẹ̀, kí ìwọ gba ọ̀kan lórúkọ ara ẹ. Ìdajì péré ni wàá san."

Ó fa fọ́ọ̀mù yọ. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí: Èmi tí mo ni àpótí yìí ni mo fi í sílẹ̀ fúnra mi, kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Lábẹ́ ẹ̀, èèyàn yóò fa ìlà sí ọ̀kan nínú méjì: ó ṣí lọ, tàbí ó kú.

"Má fọwọ́ kan ìkejì yẹn o," ni Tẹjúmọ́lá wí. "Tó bá jẹ́ ikú, màá gba ìwé dókítà, màá gba ìwé ìbúra kóòtù kí n tó lè fún ẹ lómìíràn, Jímọ̀ á sì ti kọjá. Fa ìlà sí ó ṣí lọ, kó o buwọ́ lù ú bó o ṣe máa ń ṣe é."

Rokibat gba bírò. Ó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ ọkọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó tún ọ̀rọ̀ òkè yẹn kà. Fúnra mi. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi.

"Wọn ò fi í sílẹ̀ fúnra wọn," ló sọ.

"Ta ni?"

"Bàbá Kaothar. Wọn ò ṣí lọ. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀."

"Mo mọ̀, ìyàwó wa. Fọ́ọ̀mù lásán ni."

"Wọ́n kú, Ọ̀gá." Ohùn rẹ̀ lọ sókè débi pé obìnrin tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì yíjú padà. "Ọkọ mi kú. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀!"

Ó fa ìlà sí ó kú, bírò fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìwé. Ẹ má retí pé àánú ṣe Tẹjúmọ́lá tó fi dín owó. Kò dín kọ́bọ̀. Ó kàn gba kọ́kọ́rọ́, ó kó lẹ́tà méjì tó kù nínú àpótí fún un, kò sì lè wò ó lójú.

Nígbà tí Rokibat délé, Kaothar ti tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí tábìlì.

"Àdírẹ́sì iléèwé yín ni kó o kọ sí i," ni ìyá rẹ̀ wí láti ẹnu ọ̀nà. "A ò ní àpótí mọ́."

"Kí ló dé, Màámi?"

"Bàbá ẹ kú."

Kaothar gbé bírò sílẹ̀. "Màámi, mo mọ̀. Ṣebí a jọ wà ní Kuta ni."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀," ni Rokibat wí. "Èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́."

Ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, ẹkún sì gbà á.