Mẹ́ta Nínú Mẹ́wàá ni Màmá Enid Sọ

Màmá Enid Cattermole kú ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ní ilé ìwòsàn tó jìnnà sí abúlé wa ní ogójì máìlì. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé òtútù àyà ló pa á. Irọ́ ni. Wákàtí mẹ́jọ tó fi dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù nínú oko rẹ̀, nígbà tí a ń retí áńbúláǹsì, ló pa á.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Aldersby, abúlé wa, kọjá mọ oko náà. Màmá ló ń se oúnjẹ ní ilé ẹ̀kọ́ abúlé wa kí wọ́n tó tì í pa, èmi sì wà lára àwọn tó jẹ kọ́sítádì rẹ̀ kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, oko di iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní rédíò kan tó so mọ́ ìṣó nínú ahéré, ojoojúmọ́ ló sì ń bá a jà. Bí mínísítà kan bá ń sọ̀rọ̀, á ti orí ebè dá a lóhùn pé, "Ọ̀gbẹ́ni, o ò gbin nǹkan kan rí láyé rẹ!"

Mo sọ fún un nígbà kan pé, "Màmá, ẹ kúkú díje, ká dìbò fún yín."

"Ta ló máa wá bomi rin kábéèjì mi?"

Ní gbogbo ìgbà òtútù, ó máa ń kó ìwé ìròyìn pa mọ́. Tó bá di oṣù Kẹta, á gbẹ́ kòtò ẹ̀wà rẹ̀, á tẹ́ ìwé náà sí ìsàlẹ̀ kí ilẹ̀ lè máa gba omi dúró, á sì dojú àwòrán àwọn olóṣèlú bolẹ̀. Ó ní, "Ibi tí wọ́n ti wúlò nìyẹn, Rowan."

Kòtò yẹn ló ń gbẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú ẹrẹ̀, tí egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Mo ń ti ìgbẹ́ ẹṣin bọ̀ nínú bárò nígbà tí mo rí i nílẹ̀, fóònù ní etí rẹ̀. Etí mi ni mo fi gbọ́ ohun tí ọmọbìnrin tó ń gba ìpè áńbúláǹsì ń bi í.

"Ṣé ẹ ń mí dáadáa, màmá?"

"Mò ń mí."

"Ìrora yín ńkọ́? Ẹ fún un ní máàkì, láti oókan dé ẹ̀wá tó le jù."

Ojú rẹ̀ ti funfun bí ẹfun. Ó ní, "Áà, ẹ má wulẹ̀ dààmú. Ká sọ pé mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí."

Mẹ́ta! Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó ní abúlé yìí, tí ẹ bá kí i, á ní kò burú. Mo gba fóònù, mo pariwo pé kí wọ́n má gbọ́ tirẹ̀. Ó fa ṣòkòtò mi.

"Rowan! Má jágbe mọ́ ọmọbìnrin yẹn. Àwọn tí tiwọn burú ju tèmi lọ wà."

Ojú tì mí, mo sì rẹ ohùn mi sílẹ̀. Ìgbà márùn-ún ni mo pè wọ́n lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà márùn-ún ni wọ́n ní ká ṣe sùúrù, ká má gbé e kúrò níbẹ̀. Ìgbà márùn-ún ni mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mi ò tíì dárí ìyẹn ji ara mi.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. A fi kóòtù àti àpò ọ̀dùnkún bò ó. Ọ̀gbẹ́ni Pettifer, tí òun àti Màmá ti jọ ń jà lórí ààlà oko fún ogún ọdún, di agboòrùn mú lé e lórí, kò sì gbà kí ẹlòmíì gbà á.

Màmá ní, "Pettifer, o ń tẹ àlùbọ́sà mi."

"Dákẹ́, obìnrin yìí. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá àyè àtitẹ̀ ẹ́." Ó wá yíjú sẹ́yìn, ó ń sunkún.

Áńbúláǹsì dé lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Mi ò bá àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀ jà. Wọn ò tíì jẹun láti àárọ̀. Àwọn tó ti ibùdó áńbúláǹsì Kelbridge tó sún mọ́ wa pa ní ọdún méjì sẹ́yìn ni mo ń bá wí. Wọ́n ní èyí tó wà ní ìlú ńlá máa tó gbogbo wa. Ta ni gbogbo wa? Ṣé a wà nínú rẹ̀?

Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́tà àwọn aláṣẹ áńbúláǹsì dé. Wọ́n bá wa kẹ́dùn. Wọ́n ní àwọn tẹ̀ lé gbogbo ìlànà, àti pé "aláìsàn fúnra rẹ̀ ló sọ pé ìrora òun kò ju mẹ́ta lọ."

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ti rí ẹni tó jẹ̀bi: òkú ni. Ìwà ọmọlúàbí rẹ̀ ni ẹ̀rí tí wọ́n mú wá. Ẹ̀yin tí ẹ kọ ìbéèrè yẹn, ṣé ẹ ò ní ìyá ni? Ṣé ilẹ̀ òkèèrè lẹ ti wá, tí ẹ ò fi mọ̀ pé kò sí arúgbó kan ní orílẹ̀-èdè yìí tó máa sọ fún àjèjì pé ó ń dun òun?

Èmi àti Pettifer ti parí kòtò náà. Lẹ́tà yín wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ kọ ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó. A fẹ́ orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ti ibùdó Kelbridge pa. A fẹ́ kí wọ́n ṣí i padà. A fẹ́ kí wọ́n yí ìbéèrè yẹn padà. Kí àwọn tó fọwọ́ sí i wá sí gbọ̀ngàn abúlé wa ní Sátidé, aago méjì ọ̀sán, kí wọ́n dúró níwájú wa, kí wọ́n dáhùn. Tíì máa wà, nítorí Màmá Enid kò ní gbà ká má fún wọn.

Kí wọ́n sì bi wá bó ṣe ń dùn wá tó, láti oókan dé ẹ̀wá. Ẹnì kankan nínú wa kò ní sọ pé mẹ́ta.