Èèwọ̀ Ẹ̀pà Ilé Ọkọ Mi

Nígbà tí mo dé ilé ọkọ, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n má gbé wọlé. Kì í ṣe ẹran, kì í ṣe ẹyẹ. Ẹ̀pà ni. Ìyá ọkọ mi ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, ní pẹ̀lẹ́.

"Ìyàwó mi, ohun tó bá wù ọ́ ni kí o sè. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà, èèwọ̀ wa ni."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, Màmá."

Ilé-kéwú ni wọ́n ti tọ́ mi, níbẹ̀ náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé lónìí. Mo mọ ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní ẹ̀tọ́, mo mọ èyí tó kọ̀ fún wa, ẹ̀pà kò sì sí lára ohun tó kọ̀. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́ mi pé ọ̀wọ̀ òbí, ìjọsìn ni. Bí ẹ̀pà bá ń wù mí, màá jẹ ẹ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ kéwú bá ti tú ká, màá fọ ẹnu mi dáadáa, kí n tó forí lé ilé.

Aránṣọ ni ọkọ mi. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀, iwájú ilé tí à ń gbé. A pẹ́ ká tó rí ọmọ, ṣùgbọ́n nígbà tí Ọlọ́hun máa dá wa lóhùn, ó dá wa lóhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín: ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ara rẹ̀ nìkan ni kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ àti kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á pọ́n, á máa yún un, á sì gbẹ bí ewé tí oòrùn pa. Òrí ni mo fi ń pa á láràárọ̀.

Ibi tí a ti lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ọ̀rọ̀ ẹ̀pà ti bá mi. Àwa ìyálọ́mọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì tó ń bá wa sọ̀rọ̀ jẹ́ ará apá Ọ̀yọ́, ó gbé abọ́ ẹ̀pà lílọ̀ dání, ó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń pò ó mọ́ ẹ̀kọ fún ọmọ tó bá ti tó jẹun.

"Kì í ṣe odindi o," ó ní. "Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí odindi ẹ̀pà dé ẹnu rẹ̀. Ọ̀fun wọn kéré. Lílọ̀ ni, kí ó kúnná, kí ó ṣàn." Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ta ni ẹ̀pà kì í bá lára mu nínú ìdílé rẹ̀?"

Mo nawọ́. "Èèwọ̀ ilé ọkọ mi ni."

Obìnrin tó jókòó tì mí ní, "Ó sàn fún ọ. Owó ni èèwọ̀ ilé ọkọ tèmi. Kì í wọ ibẹ̀ rárá."

Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó wá bá mi.

"Ìyá ọmọ, èèwọ̀ wo ni ẹ wí? Èyí tí baba ńlá fi sílẹ̀ ni, àbí èyí tí ara kọ̀?"

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn, nọ́ọ̀sì?"

"Ó pọ̀. Ara ẹlòmíràn wà tí kì í gba ẹ̀pà. Bí ó bá ti kan ẹnu rẹ̀, ara rẹ̀ á sú, ètè rẹ̀ á wú, á máa bì. Nígbà mìíràn kò ní lè mí dáadáa. Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkan láyé àtijọ́, wọ́n lè má mọ ohun tí wọ́n máa pè é. Wọ́n á ní èèwọ̀ ni, ó parí."

Ó ká apá aṣọ ọmọ mi sókè, ó wo kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó sì mú wa wọlé tọ dókítà. Dókítà náà yẹ ara rẹ̀ wò, ó ní yíyún yẹn kò le, kò ní kí ọmọ má jẹ ẹ̀pà. Kódà, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ohun tí ara kò bá tètè mọ̀ lè padà di ọ̀tá lójú ara.

"Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè nílé," ó ní. "Bí ara ẹnìkan bá ti kọ̀ ọ́ rí nínú ìdílé, ẹ má dán an wò nílé. Ẹ padà wá bá wa." Nọ́ọ̀sì sì kọ́ mi bí a ṣe máa kọ́kọ́ fún un, bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ìdílé.

Mo pọn ọmọ mi, mo sì gbé ẹ̀rù méjì lọ sílé. Bí mo bá fún un, mo lè fọwọ́ ara mi pa á lára. Bí n kò bá fún un, bákan náà ni.

Mo bi ọkọ mi. Ó gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Bí mo ṣe bá a nìyẹn. Jẹ́ ká bi Bàbá."

Bàbá yìí ni àbúrò bàbá rẹ̀ tó bí i lọ́mọ, àgbàlagbà tí kò sí ìbéèrè tí kì í dáhùn. Kò tilẹ̀ ronú rárá.

"Ogun ni," ó ní. "Baba ńlá wa sá pamọ́ sínú igbó, ebi ń pa á, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó ń pa èèpo rẹ̀, pá, pá, pá. Àwọn ọ̀tá gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni."

"Ṣé wọ́n mú un, Bàbá?" mo bi í.

"Bí wọ́n bá mú un, ta ni ì bá bí wa?"

Ọkọ mi dorí kodò, ó ń wá abẹ́rẹ́ tí kò sọnù. Ó ku ẹnìkan tí a lè bi.

Màmá ti bá wa gbé láti ìgbà tí mo ti bímọ, ṣùgbọ́n nígbà tí kòkó gbó, ó padà sí oko rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Mo gun ọ̀kadà, mo lọ bá a. Ó sá kòkó síwájú ilé, ó ń fi igi rò ó kí ó lè gbẹ dọ́gba. Ó rí ọmọ lẹ́yìn mi, ó ju igi náà sílẹ̀.

"Ìyá mi kékeré, ta ló sọ fún ọ pé mò ń rò ọ́?"

Mo jẹ́ kí wọ́n ṣeré tẹ́rùn, kí n tó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Ìbéèrè kan ni mo bá wá. Èèwọ̀ ẹ̀pà yẹn, ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?"

"Ta ló ní kí o bi mí?"

"Dókítà ni, Màmá. Nítorí ọmọ yìí."

Ó gbé ọmọ náà lé itan, ó kọjú sí kòkó.

"Èmi ni," ó ní.

Ó tún aṣọ ọmọ mi ṣe. "Ọmọ kan wà ṣáájú ọkọ rẹ. Ọkùnrin. Ẹ̀pà yíyan ni mò ń tà nígbà yẹn, ó sì ti ń sáré káàkiri. Ó bu ẹ̀pà lórí àtẹ, ó dà á sẹ́nu, ó sá. Mo ń lé e. Ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín yẹn ló ti há a lọ́fun."

N kò bi í ní ìyókù. Ó ń fọwọ́ pa ọmọ mi lórí.

"Gbogbo ènìyàn ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò ta ẹ̀pà mọ́. Bí mo bá la ẹnu, ẹkún ni. Lọ́jọ́ kan mo ní èèwọ̀ wa ni. Ẹni tó bá gbọ́ èèwọ̀ kì í béèrè mọ́. Bàbá ọkọ rẹ gbọ́, kò sọ pé irọ́ ni, títí tó fi padà sọ́dọ̀ Ọlọ́hun."

Mo bi í pé, "Màmá, ṣé ó ti jẹ ẹ̀pà rí kí ó tó di ọjọ́ yẹn?"

"Kí ló tún ń jẹ? Mo ń lọ̀ ọ́ sínú ẹ̀kọ fún un. Á lá ṣíbí, á lá abọ́, á tún fa ọwọ́ mi kó lè lá a."

"Ara rẹ̀ kò sú? Ètè rẹ̀ kò wú?"

"Ara rẹ̀ ń dán ni."

Nínú ọkàn mi mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, ojú sì tì mí láti dúpẹ́ níwájú ìbànújẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé lílọ̀ ni wọ́n ní kí a fún ọmọ, odindi ni wọ́n kọ̀. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kó iṣu fún mi, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pọn ọmọ sí mi lẹ́yìn, ó fún ọ̀já náà le. "Máa lọ, kí òjò má bá yín lọ́nà."

Nígbà tí mo ròyìn fún ọkọ mi, ó jókòó sórí àpótí níwájú ìsọ̀. Kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n rí. Ó ní, "Bí ìyá mi kò bá tilẹ̀ gbà, ó di dandan ká fún ọmọ. Ṣùgbọ́n kò wù mí ká ṣe é lẹ́yìn rẹ̀."

A dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ọ̀kadà kan dúró níwájú ilé. Màmá ló sọ̀ kalẹ̀, ó di ọlọ kékeré mọ́ inú aṣọ, ọmọ ọlọ wà lọ́wọ́ kejì, ẹ̀pà wà nínú àpò.

"Màmá, ẹ̀rọ ìlọta wà nílé," ni ọkọ mi wí.

"Ẹ̀rọ yẹn kò bímọ rí," ó ní, ó sì kúnlẹ̀ ti ọlọ.

Ó yan ẹ̀pà náà, ó bó o, ó fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, ó lọ̀ ọ́. Á fi ìka méjì ra á wò, á rí hóró kan tí ojú èmi kò rí, á tún dà á padà. Ó lọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán bí epo. Èmi fi omi gbígbóná là á mọ́ ẹ̀kọ, mo sì dúró kó tutù.

Bí nọ́ọ̀sì ṣe wí ni a ṣe. Àárọ̀ ni, kí a lè rí i dáadáa, kí ó má sì sùn lé e lórí. Ara ọmọ le, kò sí ibà, kò sí ikọ́. Ọkọ mi ti bẹ ọlọ́kadà àdúgbò kó má jìnnà, bí a bá fẹ́ sáré lọ sí ọsibítù. Màmá gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, mo ní "Bísímílà," mo fi orí ṣíbí kan án lẹ́nu, díẹ̀ báyìí, a sì dúró.

Ọmọ náà pọ́nnu lá. Ó wo ṣíbí náà bí ẹni pé mo fi nǹkan rẹ̀ pamọ́. À ń wo ètè rẹ̀, à ń wo ọrùn rẹ̀, a gbé aṣọ sókè wo ikùn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Mo tún fún un díẹ̀, ó bá wú ikọ́.

Kí n tó gbé ṣíbí sílẹ̀, Màmá ti dìde, ó ti da ọmọ dé ọwọ́ rẹ̀, ó ti gbọ́wọ́ sókè sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú tí mo mọ̀. Ọmọ náà yí orí sẹ́yìn, ó wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ni. Itọ́ ara rẹ̀ ló kàn pá a lórí.

"Màmá, ó ń mí," ni ọkọ mi wí. "Ẹ gbọ́ ọ. Ó ń mí."

Màmá jókòó. Kò gbé ọmọ fún ẹnikẹ́ni. "Fún un ní ìyókù," ó ní.

Mo fún un. Títí di ìgbà tí a lọ kírun ọ̀sán, ojú wa kò kúrò lára rẹ̀. Ara rẹ̀ kò sú. Alhamudulilahi. Nígbà tí ẹ̀kọ tán, ó di ọwọ́ Màmá mú, ó fà á, ó ń lá ìka rẹ̀ tí ẹ̀pà kù sí. Màmá jẹ́ kó lá a. Lẹ́yìn náà ló gbé ìka kan náà sí ẹnu ara rẹ̀, ó sì sọ orúkọ ọmọkùnrin náà fún wa. Orúkọ náà ti wà nínú àdúà wa láti ọjọ́ yẹn.

Láti ìgbà náà, a kò dá a dúró. Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ẹ̀pà má wọ ẹ̀kọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Bàbá wọlé, ó ń fimú fa òórùn. "Kí ni mò ń gbóòórùn yìí?"

"Ẹ̀pà lílọ̀ ni," ni Màmá wí.

Ó ronú díẹ̀. "Lílọ̀? Lílọ̀ kò burú. Ká ní baba ńlá wa lọ̀ ọ́ ni, àwọn ọ̀tá kì bá tí gbọ́."

"Òótọ́ lẹ sọ," ni Màmá dá a lóhùn. "Odindi ṣì jẹ́ èèwọ̀ nílé yìí, títí ọmọ yóò fi dàgbà." Ó sì fi ìka méjì ra ẹ̀pà inú ọlọ, ó ń wá hóró.