Ibi Tí Rájí Ti Ń Mú Àkèré

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi mọ Rájí olóbì jù lọ ní Lomé ni èyí tó sọ fún Màdáàmù Geneviève níwájú ilé rẹ̀. Màdáàmù gbé ìgò kan dání. Àkèré kékeré kan wà nínú rẹ̀, ikùn rẹ̀ pupa bí osùn. Ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ó ní, "Rájí, níbo lo ti mú un?"

Rájí tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Màdáàmù, àkèré ni mo tà fún yín. N kò ta ọ̀nà."

Ìyàwó dókítà rélùwéè ni Geneviève, ní ayé àwọn Faransé, lẹ́yìn tí àwọn Jámánì ti lọ. Àkèré, alángbá àti ejò ló ń kó jọ. Á kó wọn sínú ìgò ọtí líle, á fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé ńlá kan ní Páríìsì, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń tò wọ́n sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè mọ̀ wọ́n. Ẹran tí kò bá ti ní orúkọ ibi tí wọ́n ti mú un, wọn kì í tò ó. Lójú wọn, ó dà bí ẹni tó ní òun bímọ tí kò mọ ìyá ọmọ.

Ṣùgbọ́n ọmọ oníṣòwò ni Rájí. Ìsẹ́yìn ni bàbá rẹ̀ ti gbé e wá, ohun tó sì kọ́ ọ ni pé ẹni tó bá júwe ibi tó ti ń ra ọjà, yóò bá gbogbo ìlú níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àrìnpé ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò mọ ibi tó ti ń ra obì. Ó ní, "Mo bi í. Ó ní bí òun bá kú, kí n lọ bi obì."

Nígbà tí Màdáàmù kò yé bèèrè, Rájí bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní orúkọ ìlú. Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń fi èènì sí ọjà ló ṣe ń fi orúkọ ìlú sí ẹran. Bí Màdáàmù bá rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ Baguida, gbogbo ẹran ọ̀sẹ̀ náà á ti Baguida wá. Lọ́jọ́ kan ó gbé ahun wá, ó ní inú òkun ni òun ti mú un.

"Rájí, ahun igbó ni èyí. Kì í gbé inú òkun."

"Màdáàmù, n kò sọ pé ó ń gbé ibẹ̀. Ó lọ kí wọn ni."

Bó bá dé ọjà, ìtàn á tún gùn sí i. Ó ní igbó kan lẹ́yìn Sanguéra ni àkèré olósùn wà, pé ẹkùn ló ń ṣọ́ omi rẹ̀. Àrìnpé a máa jókòó ti igbá obì tirẹ̀, a máa gbọ́. Ìbítóyè tó ń ta káún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bi í pé, "Ìyá Ìbídùn, ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹkùn yìí?"

Àrìnpé ní, "Ó ń dàgbà ni. Lọ́dún tó kọjá, ológbò ni."

Jímọ̀ gba ẹkùn náà gbọ́. Òun náà ń ta ẹran fún Màdáàmù, ojúkòkòrò rẹ̀ sì ju ẹ̀rù rẹ̀ lọ. Ní òwúrọ̀ kan, ó rọra tẹ̀ lé Rájí. Rájí gba ọ̀nà Sanguéra tapẹ̀rẹ̀tapẹ̀rẹ̀, ó yà sí oko ẹ̀gbọ́n Àrìnpé, ó jókòó ti iyán. Jímọ̀ ń rá kiri láàárín ebè, ó ń wá odò. Àwọn ará oko mú un bí olè iṣu, wọ́n wọ́ ọ wá síbi tí Rájí ti ń jẹun.

"Rájí, ṣé o mọ ọkùnrin yìí?"

Rájí gbé òkèlè mì. Ó ní, "Mo mọ ojú rẹ̀. Ìwà rẹ̀ ni n kò lè jẹ́rìí sí."

Ohun tí Àrìnpé mọ̀, tí kò sọ, ni pé kò sí igbó, kò sí ẹkùn. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ Àrìnpé fúnra rẹ̀ ni àkèré wà, ní àdúgbò Zongo. Omi ìwẹ̀ àti omi àlùwàlá ń ṣàn pọ̀ sínú kòtò kan níbẹ̀, ewé kókò bò ó, àwọn àkèré olósùn sì ti ń gbé ibẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé náà. Màdáàmù ti wá wọn ní Bè, ó ti wá wọn ní Baguida, kò rí ọ̀kan. Rájí á gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo jáde, á yí ìlú po, á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, á bẹ̀rẹ̀ létí kòtò, á mú wọn. Bó bá ń nu ẹsẹ̀, á ní, "Àrìnpé, ọ̀nà yẹn jìn."

Ní ọdún kan tí ibà pọ̀, àwọn wolé-wolé bẹ̀rẹ̀ sí í da epo àtùpà sínú gbogbo omi tó bá dúró sójú kan, kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Nígbà tí wọ́n wọ Zongo, Àrìnpé sáré dé ọjà, kò dúró kí ẹnikẹ́ni.

"Bàbá Ìbídùn, wolé-wolé ti wà lẹ́yìn ilé yín. Epo wà lọ́wọ́ wọn."

Rájí wò yíká. Ìbítóyè wà níbẹ̀. Jímọ̀ wà níbẹ̀. Màdáàmù fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń yẹ alángbá wò, òun nìkan sì ni ẹni tí wolé-wolé lè gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bí Rájí bá sọ̀rọ̀, ẹkùn kú. Bí kò bá sọ̀rọ̀, àkèré kú. Àrìnpé rí i tí òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Kò tíì rí ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, àfi ọjọ́ tí wọ́n so wọ́n pọ̀.

Rájí ní, "Màdáàmù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ìyàwó mi ni mo ti ń mú àkèré yẹn."

Ìbítóyè ní, "Ẹkùn ńkọ́?"

"Ó ń wẹ̀," ni Rájí wí, ó sì sáré.

Màdáàmù wọ inú kòtò náà tòun ti bàtà. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ da epo lé òun lórí. Àwọn wolé-wolé wo ìyàwó dókítà, wọ́n wo ara wọn, wọ́n gbé agolo wọn lọ síbòmíràn.

Lẹ́yìn èyí, Rájí jókòó ti gbogbo ìgò tí Màdáàmù ní nílé, ó ń tún ibi tó ti mú wọn sọ. Èyí tó bá ti gbàgbé, á ní, "Ẹ kọ ọ́ pé Rájí kò mọ̀." Ìyẹn ṣòro fún un ju ọ̀rọ̀ kòtò tó jẹ́wọ́ lọ. Nígbà tó kan ahun, ó ní ọwọ́ Jímọ̀ ni òun ti rà á. Wọ́n ránṣẹ́ pe Jímọ̀. Jímọ̀ tún fìlà ṣe, ó ní oníṣòwò kì í júwe. Ahun yẹn kò nílé títí dòní.

Àkèré ní tirẹ̀ lọ sí Páríìsì pẹ̀lú àdírẹ́sì pípé: Lomé, Zongo, ẹ̀yìn balùwẹ̀ Àrìnpé. Àrìnpé bínú fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ní, "Èmi fúnra mi kò dé Páríìsì. Balùwẹ̀ mi ti débẹ̀."

Rájí kú kí àwọn Faransé tó lọ. Màdáàmù ti padà sí ìlú rẹ̀ nígbà náà. Nígbà tó yá, ọ̀dọ́bìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Thérèse dé láti ilé ńlá Páríìsì, ó ń bèèrè ẹni tó mú àkèré olósùn. Wọ́n mú un lọ bá Àrìnpé. Àrìnpé fi kòtò hàn án. Thérèse wò ó títí, ó kọ̀wé. Ó wá fi Faransé bèèrè ibi tí bàbá náà wà.

Àrìnpé ì bá kàn nawọ́ júwe ọ̀nà, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wé gèlè, ó mú ọmọbìnrin náà lọ́wọ́, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ibi ìsìnkú àwọn mùsùlùmí. Ó fi Faransé ọjà bá a sọ̀rọ̀.

"Kì í ṣe ibi igi yẹn," ni Àrìnpé wí. "Kì í ṣe ibi òkúta yẹn náà." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀. "Ibí ni. Kọ ọ́ dáadáa."