Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Òfurufú Ilé Fágbénró

Bí àlejò bá dé Ìwòyè-Kétu tó béèrè Gídíónì Fágbénró, wọ́n lè kọ́kọ́ bi í pé Fágbénró wo. Ṣùgbọ́n tó bá ní bàbá ẹlẹ́ńjìnnì lòun ń wá, ọmọ tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì á mú un débẹ̀. Ilé páànù kékeré kan wà lẹ́yìnkùlé bàbá náà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú kan ló wà nínú rẹ̀, ó jókòó lórí férémù irin, wọ́n fi tapólì bò ó. Sìlíńdà mẹ́sàn-án ló ní, wọ́n tò yí ká bí ọmọ tó jókòó yí àwo oúnjẹ kan ká. Àwọn ará àdúgbò a máa pè é ní ìyàwó kékeré. Ìyàwó àgbà, Málọmọ́ ìyá Olúdayọ̀, ti gbọ́ orúkọ yẹn títí, inú kò bí i mọ́. A tiẹ̀ máa béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ bóyá orogún òun jí ire.

Nígbà èwe Fágbénró, mẹ́káníìkì ni lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ òfurufú kékeré fọ́n oògùn kòkòrò sórí oko òwú. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé, ẹ́ńjìnnì kan wà nílẹ̀ tí Fágbénró ti tú palẹ̀ tó sì ti tún tò, tí ẹnikẹ́ni kò tíì tan iná sí láti ìgbà náà. Ọ̀gá òyìnbó ní kó máa gbé e lọ, nítorí òun kò lè gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí ó ṣe di ará Ìwòyè nìyẹn. Fágbénró da epo ìpamọ́ sínú rẹ̀, ó dí gbogbo ihò rẹ̀, ó fi pákó bo ẹnu rẹ̀ lókè, ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé páànù náà lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì forí lé Kàdúná láti wá iṣẹ́ mìíràn. Ìsinmi ọdún nìkan ló ń gbé e wálé, títí ó fi fẹ̀yìntì.

Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé òun yóò tan án. Lónìí kò sí àyè, lọ́la ẹ̀yìn ń dun òun. Ohun tó jẹ́ kó dìde ni ọ̀rọ̀ kan tí Olúdayọ̀ ọmọ rẹ̀ sọ nígbà tó wá kí wọn láti Abẹ́òkúta. Ọmọ náà kò sọ ọ́ tìjàtìjà. Wọ́n jókòó jẹun, ó wo ilé páànù náà, ó ní, "Bàbá, ká má rí i o, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ kò bá sí mọ́, n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi irin yẹn ṣe. Àwọn tó ń ra àlòkù irin ni n ó pè." Bàbá rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín. Oúnjẹ tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò dùn mọ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló wọkọ̀ lọ sí ilé-ìwé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ní Ayétòrò, ó bá tísà kan tí ń jẹ́ Bàrúwà sọ ọ́. Bàrúwà fẹ́ràn irin. Ó bi ọ̀gá rẹ̀, ó sì padà wá pẹ̀lú èsì tí kò ní àbùlà: bí ẹ́ńjìnnì náà bá dún lójú òun, ilé-ìwé yóò gbé e, wọ́n á kọ́lé fún un, àwọn ọmọ á sì máa fi kọ́ṣẹ́. Bí kò bá dún, kí Bàbá má bínú, òkú irin ti kún ẹ̀yìn kíláàsì wọn. Wọ́n fi ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé ọdún tuntun sí i.

Ọdún tí ìjọba ti bodè pa ni. Ìwòyè tí ìdajì ẹbí rẹ̀ wà lápá ọ̀hún wá dà bí ilé tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn àárín rẹ̀. Àwọn tó ń wá ra gàrí Málọmọ́ láti apá ọ̀hún kò yọjú mọ́. Ìjọba tún pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù wá sí ilé epo kankan tó bá sún mọ́ bodè, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì kì í mu omi. Ọlọ́run ṣe é, Kòkúmọ́, ọmọ olóògbé àbúrò Fágbénró, ti fi ọ̀kadà gbé epo gba ẹ̀yìn igbó rí. Kẹ́ẹ̀gì kan péré ló ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ti bodè. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà wá fún Fágbénró, ó sì gbé ara rẹ̀ tì í. Kẹ́ẹ̀gì kan yìí ló wà. Tó bá tán tí ẹ́ńjìnnì kò dáhùn, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Bàbá kò kánjú. Ó fọ kabúrétọ̀, ó pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tó ti gbẹ, ó yẹ ibi tí iná ti ń tàn wò, iná náà ta á níka, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ gé jẹ. Ó tú àwọn ihò ìsàlẹ̀, ó gbé abọ́ sábẹ́ wọn kí epo ìpamọ́ lè sun jáde. Díẹ̀ ló sun. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó kù kí wọ́n fi ọwọ́ yí i kí wọ́n tó fi iná kàn án.

Òwúrọ̀ ọyẹ́ ni, ètè gbogbo ènìyàn ti bó. Kòkúmọ́ di ìyẹ́ ẹ́ńjìnnì náà mú, èyí ni pákó gígùn tó máa ń yí lójú rẹ̀, ó fà á wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó yí. Ó tún yí díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó dúró. Kò dúró gbàgà bí ìgbà tí irin bá kan irin. Ó rọra dúró, bí ìgbà tí èèyàn bá ti ìlẹ̀kùn tí ẹnì kan fẹ̀yìn tì nínú ilé.

"Bàbá, ó há. Ẹ jẹ́ n fún un lágbára díẹ̀," ni Kòkúmọ́ wí.

"Yọwọ́."

"Díẹ̀ péré ni, Bàbá."

"Mo ní kó o yọwọ́, Kòkúmọ́. Tí nǹkan olómi bá ti jókòó sí sìlíńdà ìsàlẹ̀, kò ní ibi tó máa gbà lọ. Tó o bá fagbára tì í, apá irin tó wà nínú rẹ̀ ló máa tẹ̀, gbogbo ẹ̀ á sì bàjẹ́. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ó kúnlẹ̀, eegun orúnkún rẹ̀ ké, ó ki wáyà tín-ínrín bọ ihò sìlíńdà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ohun tó bá wáyà jáde kì í ṣe epo ìpamọ́. Ó pupa, ó dì, ó lẹ̀ mọ́ wáyà bí ògì. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀.

"Epo pupa ni," ó ní. "Epo ọbẹ̀. Ta ló wọ ibí yìí?"

Kòkúmọ́ wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Bàbá," ó rọra wí, "lọ́wọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà nígbà tí ẹ wà ní Kàdúná?"

Inú bí Fágbénró. Ó rò ó pé iṣẹ́ òun láti èwe wá, ìyá yìí lọ fi se ọbẹ̀. Ó rí àwọn tó ń ra àlòkù irin lójú inú, bí wọ́n ṣe ń fi òòlù fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Ó dìde pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́, ó forí lé ilé ìdáná. Kí ó tó débẹ̀, ó rántí pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ó fa àpótí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó jókòó.

Málọmọ́ ń yan gàrí. Ìyá ìjọ ni, òun ló ń ṣáájú àdúrà àwọn obìnrin ní Ọjọ́rú.

"Ìyá Olúdayọ̀, kí lèyí?"

Ó wo wáyà náà, ó ń ro gàrí rẹ̀ lọ. "Epo ni."

"Epo ta ni?"

"Tèmi ni. Ẹ má wulẹ̀ bá ẹlòmíì jà."

Ó ro gàrí náà síwá sẹ́yìn, kó má baà jóná. "Ẹ rántí ọdún tí mọ́tò yín dojú dé lọ́nà Kàdúná, tí wọ́n ránṣẹ́ wá pé bóyá lẹ máa yè é. Bàbá mi ṣì wà láyé. Ẹ mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ ni. Ó ní irin ńlá kan wà nílé ọkọ mi tẹ́nìkan ò fún lóúnjẹ, bẹ́ẹ̀ irin lọkọ mi fi ń jẹun, irin ló sì gbé e ṣánlẹ̀. Mo ní ọmọ ìjọ ni mí. Mo jókòó, mo dìde, ara mi ò balẹ̀. Mo bu epo kọ́ọ̀bù kan, mo ṣí pákó tẹ́ ẹ fi bò ó, mo dà á sí i lẹ́nu, mo ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ padà wálé. Ẹ sì padà wálé. Ṣé kí n wá dáwọ́ dúró lọ́dún kejì?"

"Ìwọ lo ń kọ̀wé sí mi pé ò ń gbàdúrà."

"Mo gbàdúrà. Mo tún da epo."

Fágbénró ti ń rò láti ọjọ́ náà pé òun mọ ọkọ̀ wà ni òun fi yè é. Ó wo ọwọ́ obìnrin náà tí iná gàrí ti sọ di dúdú, ó wá yé e pé ní gbogbo ọdún tí òun ń sùn wọra ní Kàdúná, ẹnì kan ń dá nìkan bẹ̀rù nítorí òun. Ìbínú náà kò lọ tán, ṣùgbọ́n kò rí ibi dúró sí mọ́.

"Ó ti dì," ó ní. "Ẹ́ńjìnnì ò lè yí. Ọjọ́ Ẹtì sì ni tísà ń bọ̀."

"Epo máa ń dì lásìkò ọyẹ́. Kí lẹ máa ń ṣe sí epo tó bá dì?" Ó fi gàrí sílẹ̀ láìtíì gbẹ, ó mú ṣọ́bìrì, ó kó ẹyin iná láti abẹ́ agbada rẹ̀ sínú bàsíà irin, ó gbé e, ó ṣáájú.

Bàbá ní kí Kòkúmọ́ gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù jìnnà réré. Málọmọ́ gbé iná náà sábẹ́ sìlíńdà ìsàlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ wọn ooru rẹ̀, ó fà á sẹ́yìn díẹ̀, ó tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ wò ó. Kò pẹ́ tí epo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú abọ́, tó, tó, tó. Nígbà tí iná bá ń kú, Málọmọ́ yóò lọ bu òmíràn. Bàbá fi kẹrosíìnì fọ inú rẹ̀, ó tún un fọ̀, ó fi pákó rọra gbá ibì kan tó ti lẹ̀ pọ̀ títí ó fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Bẹntiróòlù ni ì bá fọ̀ ọ́ mọ́ jù, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì yẹn. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Kòkúmọ́ di ìyẹ́ mú, ó fà á, ó sì yí po láìdúró. Bàbá kò yọ̀ púpọ̀. Kò mọ̀ bóyá nǹkan kan ti tẹ̀ nínú, kò sì mọ iye epo tó ṣì sá pamọ́ sínú àwọn páìpù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bàrúwà pẹ́ kó tó dé. Àwọn aṣọ́bodè ti dá a dúró lọ́nà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n yẹ àpò rẹ̀ wò bí ẹni pé ìrẹsì ló gbé sábẹ́ ahọ́n. Àwọn ará àdúgbò ti pé, ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ sì wà níbẹ̀ lódindi. Kòkúmọ́ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan di ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń yí i mú, wọ́n yí i títí wọ́n fi ń mí gúlegúle. Bàbá fọwọ́ sí iná. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Wọ́n tún un yí. Ó rú èéfín funfun, ó tún dákẹ́.

Kẹ́ẹ̀gì ti lọ sí ìdajì. Bàrúwà wo bàtà ara rẹ̀, ojú ń tì í fún àgbàlagbà. Fágbénró di ọ̀pá epo mú, ẹ̀rù ń bà á gidi. Ó ní kí wọ́n rọra yí i, ó pa ojú dé, ó tẹ́tí sí i bí ó ṣe máa ń ṣe nígbà èwe rẹ̀, ó sì gbọ́ pé epo tó ń wọlé ti kéré jù. Ó fún un sí i. "Ẹ yí i," ó ní.

Sìlíńdà kan gbaná. Ìkejì tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn gbà á papọ̀, ilẹ̀ mì, páànù ilé ń dún, eruku ọyẹ́ gbéra lọ sórí àwọn tó dúró. Fágbénró ń sunkún, kò sì bo ojú rẹ̀. Èéfín náà bo gbogbo agboolé, èéfín aláwọ̀ búlúù tó nípọn, òórùn rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tó ń din àkàrà. Àwọn obìnrin ìjọ wo ara wọn. Kò sí ìkankan nínú wọn tí kò mọ òórùn epo pupa tó bá gbóná. Málọmọ́ tẹjú mọ́ ilẹ̀.

Kí epo tó tán, Bàbá pa á.

"Bàbá, a ó gbé e," ni Bàrúwà wí. "Wọ́n á bi mí níléèwé. Ogójì ọdún nínú ilé páànù, ìpẹtà ò jẹ ẹ́. Báwo lẹ ṣe tọ́jú ẹ̀? Epo wo lẹ lò?"

Kòkúmọ́ sáré ní ẹnì kan ló ń din àkàrà nítòsí. Gbogbo ojú wà lára Fágbénró, ẹni tó ti ń sọ fún gbogbo Ìwòyè láti ìgbà tó ti fẹ̀yìntì pé òun nìkan ló tọ́jú irin yìí.

"Èmi kọ́," ni Bàbá wí. "Kàdúná ni mo wà. Ìyá Olúdayọ̀ ló tọ́jú ẹ̀. Tísà, tí wọ́n bá bi ẹ́, orúkọ rẹ̀ ni kó o dá fún wọn."

Málọmọ́ gbójú sókè. Ó la àárín ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ kọjá, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, níbi tí irin náà ṣì ti ń gbóná.